Èmi Kọ́ Ni Mo Lé Erin Lọ

Orúkọ tí wọ́n sọ mí ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí ni Baba Alérinlọ. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fun imú á rí mi lójú ọ̀nà, á kúnlẹ̀ dáadáa, á ní, "Baba Alérinlọ, ẹ káàsán, sà." Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ti gbé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà ń pè é lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé ariwo ẹ̀rọ tí mo fi ń fá pákó ti di mí létí. Etí mi ò di. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí lọ́kàn níbẹ̀ ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ yìí, kí ẹni tó bá lè dá ẹjọ́ dá a: ṣé káfíńtà kan ṣoṣo lè lé erin lọ nínú igbó tó fẹ̀ tó 130,500 hẹ́kítà?

Ilé ìwé ọmọ mi lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ń ṣe báyọ́lọ́jì ní láti lọ fojú ara wọn rí igbó Omo, torí pé igi àti ẹranko tí wọ́n ń yà sínú ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n wà láàyè. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wá pe ìpàdé, wọ́n ní ó yẹ kí òbí kan tẹ̀ lé wọn lọ. Èmi ò ráyè lọ sípàdé náà. Wọ́n gbé iṣẹ́ pósí wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òkú kì í sì í ní sùúrù fún káfíńtà. Àṣé níbi ìpàdé òbí, ẹni tí kò wá ni wọ́n máa ń yàn. Alága ní, "Baba Fúnmi ni kó lọ. Káfíńtà ni, ó mọ igi." Wọ́n ní gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Pákó ni mo mọ̀. Ta ló sọ fún wọn pé ẹni tó mọ pákó mọ igi?

Wọ́n wá fi ìwé ránṣẹ́ nípa ohun tí a gbọ́dọ̀ mú dání. Bàtà òjò. Ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Aṣọ alápá gígùn tí kò gbọdọ̀ pupa, tí kò sì gbọdọ̀ funfun. Òògùn ẹ̀fọn. Fèrè kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó lè fọn ún bó bá sọnù tàbí bí ewu bá dé. Oúnjẹ tí kò ní òórùn. Ìyàwó mi ka ti oúnjẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gbójú sókè, ó ní, "Baba Fúnmi, ṣé àwọn tó kọ ìwé yìí ti jẹun rí láyé wọn?" Bí èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n fi ìkọ́kọrẹ́ já lẹ́nu ọmú, ṣe gbé búrẹ́dì gbígbẹ wọnú igbó nìyẹn.

Owó tí mo san fún èmi àti ọmọ mi á ra pákó ọ̀gànwó tó máa ṣe odindi ilẹ̀kùn kan, férémù rẹ̀ á tún wà ńbẹ̀. Mo san án, mi ò jiyàn, torí àwòrán tó wà níwájú ìwé náà. Àwòrán erin ni. Ó na etí gbàràgàdà, ó kọjú sí ẹni tó ń kàwé, ó gbé ọwọ́ ìjà sókè, eyín rẹ̀ méjèèjì rọ̀ kọdọrọ lápá òsì àti ọ̀tún. Mo gbé e han gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní ohun tí mò ń lọ rí rèé. Ìgbà tá a dénú igbó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé erin ọ̀dàn lèyí tó wà nínú àwòrán yẹn. Erin inú ẹgàn kéré sí i, etí rẹ̀ rí rìbìtì, eyín rẹ̀ sì tọ́ gbọnrangandan, ó dojú kọlẹ̀. Ẹ rí i pé àtilẹ̀wá ni wọ́n ti ń rẹ́ mi jẹ: erin tí wọ́n fi gbowó lọ́wọ́ mi kì í tilẹ̀ ṣe ará ìlú yẹn.

Wọ́n ní ibẹ̀ tó bí 80 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde. A ti wà lọ́nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin la gbà, a sì yà ní J4. J4 yìí, orúkọ ìlú ni o. Mo bi dẹ́rẹ́bà pé ta ló tẹ ibẹ̀ dó tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó onígbó ni wọ́n fi lẹ́tà àti nọ́ńbà pín igbó lórí máàpù, ohun tó wà lórí máàpù ló di orúkọ ìlú. Mo wá ń rò ó pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń ki oríkì ọmọ J4 tó bá ṣe ohun ìwúrí.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé títí dé J4, àwọn ọmọ náà ò dákẹ́ orin. Ìlù wà nínú bọ́ọ̀sì. Agogo wà. Mísì tó ń kó wọn lọ gan-an ló ń dá orin, àwọn ọmọ ń gbè é, dẹ́rẹ́bà ń fi fèrè ọkọ̀ ti ìlù lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà dé orí ẹ̀. Bí a ṣe ń wọlé ni àwọn lọ́rì tó kó gẹdú ń jáde bọ̀. Ọ̀kan há wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kó tó ráyè kọjá. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo fojú wọn gẹdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀: bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, á dé mi láyà. Kí lọ́rì náà tó kọjá tán, mo ti ka iye ilẹ̀kùn tó máa jáde níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni, kò sí bí èèyàn ṣe lè pa á mọ́ra.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ káńkì aláwọ̀ ewé ló pàdé wa, ó ní ká jókòó sílẹ̀ ká gbọ́ ìtàn. Ó ní ìjọba amúnisìn sọ ibẹ̀ di igbó ọba ní 1925. Ní 1946, wọ́n ya 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já ewé kan níbẹ̀. Nígbà tó di 1977, UNESCO gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí Biosphere Reserve, lábẹ́ ètò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971 láti wá bí ọmọ èèyàn àti ohun abẹ̀mí inú igbó ṣe lè jọ máa gbé láìpa ara wọn run. Ó ní irú igbó bẹ́ẹ̀ máa ń ní ipele mẹ́ta: àárín gbùngbùn tí wọn kì í fọwọ́ kàn, àyíká rẹ̀ tí àwọn tó ń ṣèwádìí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè dé, àti ẹ̀bá níta tí àwọn ará abúlé ti lè máa wá oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Ó yé mi. Yàrá, pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Mo wá fi báírò ṣírò rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi: 460 nínú 130,500. Kò tó ìdá kan nínú igba. Mo nawọ́, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ta ló ya pláànù ilé yìí? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbé yàrá mì." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè dáadáa ni, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Káfíńtà ni mí. Bí mo bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, ìbéèrè kọ́ ni yóò bi mí, owó rẹ̀ ni yóò gbà padà.

Ẹni tó wá mú wa wọgbó, Bàbá Ọdẹ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà báyìí, ọdẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń yìnbọn fún ẹran lánàá ló ń gbèjà rẹ̀ lónìí. Mi ò sọ pé kò dáa. Bàbá náà ń rìn lórí ìràwé gbígbẹ láìdún, àwa ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú bàtà òjò tó ń ké fọ́ọ̀ fọ́ọ̀. Bó bá dé ìdí igi, á fi àdá ọwọ́ rẹ̀ tọ́ ọ. "Afárá rèé. Ìdígbó rèé. Ọ̀gànwó rèé. Ọmọ̀ rèé, òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù."

Ẹ̀yin èèyàn mi, afárá tí mo ti ń fi ṣe bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ó ní ewé. Gbòǹgbò rẹ̀ dìde nílẹ̀ kọjá orí mi kó tó wá di igi. Mo gbójú sókè láti rí òpin rẹ̀ títí fìlà mi fi jábọ́. Ibẹ̀ ni Mísì ti ní, "Ó yá, Baba Fúnmi, ẹ sọ fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀gànwó mọ̀." Mo ní kò sóhun tó le níbẹ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ gé e, kí wọ́n là á, kí n gbóòórùn rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọdẹ ò rín.

Ó ní, "Ọ̀gá, níbo lẹ ti ń ra pákó yín?"

Mo ní, "Ní sọ́míìlì ni, Bàbá."

"Níbo ni sọ́míìlì ti ń rí tiwọn?"

Mo ní èmi ò bá wọn dóko. Owó ni mo fi ń rà á, mo sì ní rìsíìtì. Ó wò mí díẹ̀, ó ní ká máa lọ. Mi ò mọ ohun tí ìbéèrè yẹn wá ṣe láàárín wa, àmọ́ mo rí i pé láti ìgbà náà ló ti ń wẹ̀yìn wò mí.

A gba ibì kan kọjá tí igi tò lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ẹyẹ kankan ò sì ké níbẹ̀. Wọ́n ní Gmelina ni, igi tí wọ́n kó wá láti ìhà Íńdíà. Wọ́n gé ẹgàn, wọ́n gbìn ín kí wọ́n lè máa fi ṣe ìwé, ilé iṣẹ́ ìwé tí wọ́n gbèrò sí Ìwòpin kò sì rìn bí wọ́n ṣe lá a lálàá. Ẹgàn ti lọ, ìwé ò dé. Mo yí ìwé àkọsílẹ̀ ọwọ́ mi padà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ gàdàgbà pé Indonesia ló ti wá.

Ìgbà tí orúnkún mi ti ń bá mi jà ni Bàbá Ọdẹ dúró lójijì, ó ní, "Erin." Gbogbo wa rọ́ dé iwájú. Ìgbẹ́ ni.

Ìgbẹ́ erin, ọ̀wọ́ rẹ̀ gànmùgànmù láàárín ọ̀nà. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ó fi igi tú u díẹ̀díẹ̀. Okùn ewé ló kún inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ ò sì burú tó bí mo ṣe rò. Òórùn koríko tó rẹ lójò ni. Ó yọ kóró kan síta, ó nù ún mọ́ ara ewé, ó gbé e sọ́wọ́ Fúnmi. Ó ní kóró òro ni. Òmíràn wà nínú ìgbẹ́ tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn tiẹ̀ ti là, ó ti yọ ọ̀mùnú funfun, ewé méjì ti ń wò. Bàbá ní èso ńláńlá bẹ́ẹ̀, erin ló ń gbé e mì, á bá a rìn jìnnà, á wá fi ìgbẹ́ rẹ̀ gbìn ín síbòmíràn. Àwọn igi kan wà nínú ẹgàn tó jẹ́ pé bí erin ò bá sí, agbára káká ni ọmọ wọn fi máa kúrò lábẹ́ ìyá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, bí ìyàwó mi bá gbé ọbẹ̀ ààpọ̀n ka iwájú mi, mo máa ń ronú kí n tó fọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àwọn ọmọ ń ya sẹ́lífì pẹ̀lú ìgbẹ́. Bàbá fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wá: omi òjò ti kún inú rẹ̀, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ kiri níbẹ̀. Ó fi ara igi kan hàn wá tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́, ó ní ibẹ̀ ló ti họra. Ibi tó ti jẹun, a rí i. Ibi tó ti mumi, a rí i. Ó ku onítọ̀hún fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ẹni tó wá rí ìgbẹ́ erin ńkọ́? Àwọn àgbà ò fi ti ìyẹn lélẹ̀ fún wa.

Ohun tó tún bí mi nínú ni kámẹ́rà. Wọ́n so ó mọ́ ara igi kan, kékeré báyìí, wọ́n ní bí nǹkan bá ti kọjá níwájú rẹ̀, á ya fọ́tò fúnra rẹ̀. Mo bi Bàbá bóyá ó ti rí erin rí. Ó ní, "Àh, ó ń rí wọn. Òru ni wọ́n máa ń kọjá." Kámẹ́rà ò san kọ́bọ̀. Kò ra bàtà òjò. Kò jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Wọ́n kàn so ó mọ́ igi, erin sì ń wá bá a.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gan-an.

A ti sún mọ́ odò kan nígbà tí Bàbá Ọdẹ gbé ọwọ́ sókè. Kò sọ̀rọ̀. Gbogbo wa dúró gbagidi. Nínú igbó tó ṣú lọ́hùn-ún, igi kan ṣẹ́. Ó dákẹ́. Òmíràn tún ṣẹ́, ewé sì mì láti òkè wá sílẹ̀. Bàbá yíjú sí wa, ó fi ẹnu ṣe é láìgbé ohùn jáde: erin. Mo rí i tí ọwọ́ Mísì ń gbọ̀n lórí fóònù rẹ̀. Fúnmi di mí lápá mú. Mi ò tíì dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, títí kan ìgbà tí mo lọ tọrọ ìyá rẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ojú ọ̀nà ìjàlọ̀ ni.

Ẹni tí ìjàlọ̀ ò tíì wọ ṣòkòtò rẹ̀ rí, kó má dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjàlọ̀ kì í kánjú. Wọ́n á kọ́kọ́ gun bàtà, wọ́n á bọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á pín ara wọn káàkiri orúnkún àti itan, kò ní sí èyí tó máa bù ọ́ jẹ títí gbogbo wọn á fi dé ààyè wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wọn á wá pàṣẹ. Ibi tí àkọ́kọ́ ti gé mi jẹ kò ṣeé kọ síbi tí ọmọdé ti lè kà á. Èkejì àti ìkẹta bọ́ sí ìtòsí ibẹ̀. Mo yọ ọ̀kan lórí itan. Mo fà á, ara rẹ̀ já, orí kù, ẹnu rẹ̀ ṣì gé mi mú síbẹ̀.

Mo ké. Ta ni kò ní ké? Mo ní, "Yéè! Mo gbé!" Mo sá sẹ́yìn gbòǹgbò àràbà kan, mo bọ́ ṣòkòtò. Ohun tó wà nínú igbó náà ṣí nídìí, igi ń ṣẹ́ pàrà, pàrà, ìró rẹ̀ ń jìnnà sí wa, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tí mo máa fi yọjú, gbogbo wọn ti kọjú sí mi. Mísì ní, "Háà, sà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó.

Ohun tí wọn kì í bá mi sọ rèé: kí n tó pa ẹnu dé lọ́jọ́ náà, ọmọ kan ti fọn fèrè. Ìwé ní kí wọ́n fọn ún bí ewu bá dé, ó rí i tí àgbàlagbà ń sá, ó fọn ún tagbáratagbára, kò sì dákẹ́ títí wọ́n fi já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Fèrè yẹn lọ jìnnà ju ohùn mi lọ fíìfíì. Ṣé ẹ gbọ́ kí wọ́n máa pe ọmọ náà ní Alérinlọ? Ẹ ò lè gbọ́ ọ. Alága ẹgbẹ́ òbí ni bàbá rẹ̀.

Ká tiẹ̀ pa ti fèrè tì. Bàbá Ọdẹ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé àwọn erin máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ohùn tó rẹlẹ̀ débi pé etí èèyàn ò lè mú un, ohùn náà á sì rin ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ẹsẹ̀ wọn tún ń gbọ́ ìró tó bá gba inú ilẹ̀ wá. Imú wọn náà ńkọ́? Lọ́fínńdà tí Mísì fín sára lọ́jọ́ yẹn, dẹ́rẹ́bà tó wà níwájú ń sín. Ẹranko tó ní irú etí yẹn àti irú imú yẹn, ṣé èmi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ta lólobó pé a ti dé? Láti ìgbà tí agogo àti ìlù ti ń dún bọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló ti mọ iye wa.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ ẹni tó lé erin lọ ní tòótọ́, kí wọ́n jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ta ló gé ẹgàn tó fi igi ìwé rọ́pò rẹ̀? Ta ló ń wọlé lóru pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gégi, tó ń gé èyí tí wọ́n fún un láṣẹ àti èyí tí wọn ò fún un? Oko kòkó ti wọnú igbó ọba náà débi pé a rìn gba inú kòkó ju bí a ṣe rìn gba inú ẹgàn lọ. Oyún oṣù 22 ni erin ń ní, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí; ẹ̀rọ ìgégi kì í dúró de oṣù 22. Ní 2021, àjọ IUCN tó ń to orúkọ àwọn ẹranko tó ń tán lọ láyé gbé erin inú ẹgàn sí ìpele tó burú jù kó tó di pé ẹranko tán nínú igbó pátápátá. Ìjàlọ̀ ò tíì rí ẹsẹ̀ mi nígbà yẹn. Mo sọ gbogbo èyí fún àwọn tó ń jókòó ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀kan nínú wọn wo ògiri, ó wo àjà, ó wo pákó ọ̀gànwó tó fara ti ògiri láti ilẹ̀ dókè, ó ní, "Lóòótọ́, ta ló gé e o?" Mi ò dá a lóhùn. Mo ti ní mo ní rìsíìtì.

Ibi tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ gan-an, létí igbó ni, lójú ọ̀nà àbọ̀. Táyà bọ́ọ̀sì wa jò, a sọ̀ kalẹ̀ nítòsí oko kan, ìyá àgbàlagbà kan ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti wó lulẹ̀ jọ. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti fọ́ yángá, èyí tó kù níbẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n jẹ tì. Kòkó kéékèèké mélòó kan ti fà tu, gbòǹgbò wọn kọjú sí oòrùn. A kí i kú iṣẹ́, Mísì bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Kí ni kì bá ṣẹlẹ̀? Erin ni. Wọ́n tún wá lóru àná."

Lóru àná! Ibi tí ó ń fọwọ́ júwe náà kò jìnnà ju ibi tí bọ́ọ̀sì dúró sí lọ. Ìyá náà ní wọ́n máa ń wá bó bá ti wù wọ́n, wọ́n á jẹun, wọ́n á wó nǹkan lulẹ̀, wọ́n á máa lọ, òun á wà nínú ahéré òun, òun á máa lu agolo títí ọwọ́ á fi máa ro òun. Ó ní òun ti rí wọn débi pé òun ò fẹ́ rí wọn mọ́. Ó ní kí ìjọba wá kó erin rẹ̀.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù lọ ní gbogbo ìrìn náà nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ rí erin sanwó, ó ra bàtà, ìjàlọ̀ jẹ ẹ́, ìgbẹ́ ni wọ́n fi hàn án. Ẹni tí kò fẹ́ rí i, erin ń wá kí i nílé. Mo sún mọ́ ìyá náà, mo ní, "Ìyá, èló ni kí n san kí ẹ jẹ́ kí n sùn lóko yín mọ́jú?" Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rò pé mò ń fi òun ṣẹ̀sín ni, torí omi wá sójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni kí n fún ọ lówó, bí o bá lè bá mi lé wọn lọ."

Mísì, tí kò lè pa ẹnu mọ́, ní, "Ìyá, iṣẹ́ rẹ̀ mà nìyẹn."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún gbé ìlù. Orin tí wọ́n fi dá wa padà dé Ìjẹ̀bú-Òde, orúkọ mi ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní ègbè.

Ìyàwó mi ní kí n má jẹ́ kó dùn mí, ká lọ sí Lekki bí ọmọ bá tún gba họ́lídé. Ó ní wọ́n so afárá kan sórí igi níbẹ̀ tó gùn tó 401 mítà, èèyàn á máa rìn lókè láìtẹ ìjàlọ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀bọ á sì fúnra rẹ̀ wá já bísíkíìtì gbà lọ́wọ́ èèyàn. Mo ní ẹranko tó ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ mi, mo ní wọn tó ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí wọ́n padà sí kíláàsì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí ohun tí wọ́n rí. Fúnmi kọ tirẹ̀ dáadáa. Ó kọ ọ́ pé òun rí ìgbẹ́ erin, pé kóró òro wà nínú rẹ̀, pé òun rí ojú ẹsẹ̀ tí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń gbénú rẹ̀, pé àwọn gbọ́ tí igi ṣẹ́, pé òun ò sì rí erin. Wọ́n fún un ní márùn-ún nínú mẹ́wàá. Ọmọ alága, ìyẹn onífèrè, kọ tirẹ̀ pé òun rí erin mẹ́ta, bàbá, ìyá àti ọmọ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ìjà fún ara wọn lómi lẹ́tí odò nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó gba mẹ́sàn-án.

Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo wọ àgbádá, mo gba ilé ìwé lọ. Mo ní, "Mísì, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ò rí erin. Níbo lọmọ yìí ti rí mẹ́ta?"

Mísì ṣí ìwé ọmọ náà, ó tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò kánjú rárá. Ó pa á dé.

Ó ní, "Ohun tí ì bá rí ló kọ, sà, ká ní ẹ dákẹ́."